Ṣé dark matter lè gbé ìràwọ̀ ró?

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, ẹ wá gbọ́ o. Wọ́n ní lára àwọn ìràwọ̀ tó kọ́kọ́ yọ láyé, ó ṣeé ṣe kí a rí àwọn tí kò ṣiṣẹ́ bí òòrùn wa. Òòrùn ń sọ háídrójìn di hílíọ̀mù, ibẹ̀ looru rẹ̀ ti ń wá. Ní tàwọn yìí, dark matter, ìyẹn ohun tó wúwo àmọ́ tójú ò lè rí, ló ń pa ara rẹ̀ run nínú wọn, ooru ìyẹn ló gbé wọn ró. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Spolyar, Freese àti Gondolo ló gbé àbá náà jáde lọ́dún 2008. Èmi gbà á.

Bàbá Adátán: Ohun tẹ́nikẹ́ni ò fojú rí ló wá ń tanná fún ìràwọ̀? Iná ò sí ládùúgbò wa látàárọ̀, má tún fi òkùnkùn kún un fún mi.

Ọmọ Ìtòkú: 😂 Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Bí àwọn ìràwọ̀ ṣe ń sáré yípo nínú gálásì, ìyẹn agbo ìràwọ̀ ńlá, fi hàn pé nǹkan tó wúwo wà níbẹ̀ tójú ò tó. Bí nǹkan ọ̀hún bá ń mú ìkùukùu háídrójìn gbóná, ìkùukùu náà ò ní lè sún kì débi tí yóò fi gbiná bí òòrùn. Á kàn máa wú, á máa jẹ sí i ni. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé ó lè wúwo tó òòrùn mílíọ̀nù kan.

Tíṣà Láfẹ́nwá: Ìṣirò ò burú. Ẹ̀rí dà? Lọ́dún 2023, Ilie, Paulin àti Freese mú mẹ́ta nínú ohun tí James Webb, awò ńlá tó wà lójú òfuurufú, yà, wọ́n ní ó lè jẹ́ irú ẹ̀. Mo fẹ àwòrán ọ̀kan lórí fóònù mi títí, àmì pupa róbótó kan tó fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin ni mo rí. Gálásì kékeré lásán náà á rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún wá le jù: JADES-GS-z14-0, ohun mìíràn tó jìnnà réré lójú ọ̀run tí wọ́n fẹ́ kà mọ́ ọn, àwọn awò ALMA ní Chile bá ọ́síjìn níbẹ̀ lọ́dún 2025. Eérú sì ni ọ́síjìn, inú ìràwọ̀ tó dáná gidi ló ti ń jáde. Ta ló dáná ọ̀hún?

Àbẹ̀kẹ́ Aké: Tíṣà, eérú ilé kejì ńkọ́? Ilie àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ lọ́dún 2025 kan náà pé ó jọ pé hílíọ̀mù gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, níbi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti gùn tó 1640 Å (Å ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀), ohun tí wọ́n ń retí lára irú ìràwọ̀ yìí gan-an. Bí méjèèjì bá jóòótọ́, a jẹ́ pé kò dá wà ni, àwọn ìràwọ̀ mìíràn yí i ká.

Bàbá Adátán: Téèyàn bá gun Olúmọ lálẹ́, ṣé á rí i?

Ọmọ Ìtòkú: Rárá o, Bàbá, ó ti jìnnà jù. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà fún ohun tó ju bílíọ̀nù ọdún 13 lọ.

Tíṣà Láfẹ́nwá: Àbẹ̀kẹ́, àmì hílíọ̀mù yẹn ti fẹ́ẹ́rẹ́ jù. Kí wọ́n tún kọjú Webb sí i, kó pẹ́ lórí ẹ̀ dáadáa. Bó bá hàn ketekete, mo gbà. Ní báyìí ná, gálásì ni mo ń pè é.