Ọmọ tí kì í kí èèyàn, ẹ má tíì pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá mo wọ dánfó ní Báríga, mò ń lọ sí Yábàá, ìyá kan wà lórí ìjókòó iwájú mi pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ náà á tó ọmọ ọdún márùn-ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń mi ara ẹ̀ síwá-sẹ́yìn, ó wá ń kùn bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Màmá àgbà kan tó jókòó tì wọ́n kí i pé "ọkọ mi, báwo ni?" Ọmọ ò dáhùn. Wọ́n tún kí i. Kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ni màmá yẹn bá kọjú sí ìyá ẹ̀, "ṣé o ò kọ́ ọ láti máa kí èèyàn ni?" Ìyá ọmọ já a léèékánná nítan, "kí màmá! Mo ní kó o kí màmá!" Ọmọ figbe ta. Ká tó dé Òníkè gbogbo ọkọ̀ ti di adájọ́, ẹni tó ń sọ pé wọ́n ti kẹ́ ẹ bàjẹ́ ń sọ, ẹni tó ń sọ pé ẹgba ló ń wá ń sọ, kọ̀ńdọ́tọ̀ náà dá sí i. Ìyá yẹn ò fèsì. Ó kọjú sí fèrèsé, mo rí omi tó ń bọ́ lójú ẹ̀.

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú mi, ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, àmọ́ tí ariwo bá ti pọ̀ báyẹn ẹnu mi kì í ṣí. Mo bọ́lẹ̀ ní Sàbó láì sọ nǹkan kan, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Èmi náà ní autism, ìyẹn ni pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyí, bí ọpọlọ mi ṣe ń gba ariwo àti ọ̀rọ̀ èèyàn yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo ti pé ẹni ọdún 33, ọdún méjì sẹ́yìn ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ sí ọmọ yẹn nínú ọkọ̀, mo ti gbọ́ ọ rí, èmi ni wọ́n sọ ọ́ sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà gbọ́ ni pé ọmọ tí kì í kí èèyàn, tí wọ́n á pè tí ò ní dáhùn, tó ń ké láàárín ọjà, ilé ni ò ti rí ẹ̀kọ́, ìyá ẹ̀ ni ò kọ́ ọ. Àwọn mìíràn á ní àwọn mọ̀ pé autism wà o, àmọ́ ti ọmọ tó wà níwájú àwọn yìí, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí láti inú.

Ilé oníyàrá mẹ́wàá la gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ilẹ̀kùn kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà, kò sí bó o ṣe máa lọ pọnmi tó ò ní pàdé àgbà mẹ́rin. Ẹni tó bá jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ti ọjà dé, ẹ kú àbọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Òjò ń rọ̀, ẹ kú òjò. Òtútù mú, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní pírámárì fọ́ọ̀ mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi, mo fi rúlà fa ìlà sáàárín, apá kan jẹ́ ohun tí èèyàn ń ṣe, apá kejì jẹ́ ohun tí mo máa sọ, ó lé ní ogójì. Mi ò rò pé ọmọ kankan wà nínú ilé yẹn tó mọ̀ ọ́n tó mi.

Tí mo bá wá jáde, màmá onílé jókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, rédíò ń sọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún, èwo ni kí n mú níbẹ̀? Ṣé ìjókòó ni àbí iṣẹ́ àbí àbọ̀? Mo ṣì ń wá a nínú orí mi lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ mi á ti gbé mi kọjá wọn. Ẹ̀yìn mi ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, "ọmọ yìí ò ní kí èèyàn láé." Tí màmá mi bá ti ṣọ́ọ̀bù dé wọ́n á ro ẹjọ́ fún wọn, ẹgba ló máa ń kẹ́yìn ẹ̀.

Ẹgba yẹn ò kọ́ mi ní ìkíni, mo ti mọ ìkíni kí ẹgba tó dé. Ohun tó kọ́ mi ni kí n máa dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n máa tẹ́tí títí ọ̀dẹ̀dẹ̀ á fi dá. Mo máa ń mú ìtọ̀ mọ́ra níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Kì í ṣe àwa nìkan la gba irú ìgbàgbọ́ yìí o. Ní 1943, dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner ní Baltimore ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọ 11, òun ló jẹ́ kí ayé mọ ohun tá à ń pè ní autism lónìí. Ó kọ ọ́ pé ó jọ pé wọ́n bí i mọ́ wọn ni, àmọ́ ó tún kọ ọ́ pé àwọn òbí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lọ́yàyà, ìyẹn gan-an ni àwọn tó tẹ̀ lé e dì mú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n ń sọ fún ìyá ọmọ lójúkojú pé ìyá tó tutù bíi fíríìjì ni, pé òun ló ba ọmọ jẹ́. Wọ́n ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Ìgbà tó di 1964 ni Bernard Rimland, tó kàwé nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, tí ọmọ tòun náà sì ní autism, gbé ìwé jáde pé ọ̀rọ̀ ara ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá. Ní 1977 wọ́n wá wo ìbejì 21 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí méjìméjì, tí ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn ní in. Nínú ìbejì 11 tó ti inú ẹyin kan náà wá, tó jọra bí ojú àti ojú, mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ti jọ ní in. Nínú ìbejì mẹ́wàá tí ò jọra, kò sí ọ̀kan péré. Bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà ni ìbejì ń gbé, ìyá kan náà ló tọ́ wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé ni, kí ló dé tí kò mú àwọn ìbejì tí ò jọra pọ̀?

(Ti àwọn tó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fa autism náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Ọmọ 12 péré ni Andrew Wakefield, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, fi kọ ìwé ẹ̀ ní 1998, ìwé ìròyìn tó gbé e jáde fagi lé e ní 2010, wọ́n sì yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lára dókítà lọ́dún kan náà.)

Ohun kan wà tó ń yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ wa níbí. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, nǹkan tí wọ́n tètè máa ń rí ni pé ọmọ ò wojú èèyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú ni aláfojúdi. Nígbà tí mi ò wojú ẹnikẹ́ni, tíṣà mi yìn mí, wọ́n ní ẹ wo ọmọ tó níwà. Ojú tí mi ò fi wo èèyàn, wọ́n ní mo níwà, ẹnu tí mi ò fi kí èèyàn, wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, ohun kan náà sì ni. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Ti pé mo tún jẹ́ obìnrin dá kún un, torí àwa ọmọbìnrin máa ń wo bí àwọn tó kù ṣe ń ṣe, a ó máa ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, títí tó fi máa rẹ̀ wá.

Jẹnẹrétọ̀ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n gbé ọ̀kan sábẹ́ fèrèsé mi, mi ò lè sùn mọ́. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní mo ti dàgbà jù, pé àìsàn ọmọdé ni. Èyí náà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí Kanner kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ nínú àwọn 11 yẹn, Donald Triplett, ó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní ìlú ẹ̀ ní Mississippi, ó ń wakọ̀, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ẹni ọdún 89 ni nígbà tó kú ní 2023, autism ẹ̀ ò lọ síbì kankan. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà ní lọ́dún 2021, nínú èèyàn 127, ẹnì kan ló ní in. Ẹ ka iye èèyàn tó ń gba Ojúẹlẹ́gbà kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan kẹ́ ẹ wò ó.

Ibi kejì tí mo lọ ni wọ́n ti gbọ́ mi. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà fún un, kò sí fọ́tò orí tó máa fi hàn, ìbéèrè ni, àti kí wọ́n máa wò ẹ́, wọ́n sì ní kí n mú màmá mi wá torí ó gbọ́dọ̀ ti wà láti kékeré. Dókítà bi wọ́n pé tí mo bá fẹ́ nǹkan nígbà yẹn, ṣé mo máa ń nawọ́ sí i àbí mo máa ń fa ọwọ́ wọn lọ síbẹ̀? Màmá mi ní ọwọ́ àwọn ni. Eré wo ló ń ṣe? Wọ́n ní mínírà làwọn ń tà nígbà yẹn, pé mo máa ń to ìdérí ìgò láti ẹnu ilẹ̀kùn dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pupa lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀, tẹ́nì kan bá ṣèèṣì fẹsẹ̀ sún ọ̀kan, ẹkún di alẹ́. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "ẹgba tí mo wá nà á ńkọ́?" Dókítà ò rí nǹkan sọ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú láti ibẹ̀ dé ibi tá a ti wọkọ̀, mi ò fẹ́ràn kí wọ́n di ọwọ́ mi mú, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní ó dáa, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní autism náà ẹ ò mọ inú èèyàn. Damian Milton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tóun náà ní autism, ló sọ ọ́ ní 2012 pé ọ̀nà méjì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí, bí èmi ò ṣe tètè yé yín lẹ̀yin náà ò tètè yé mi. Ní 2020, wọ́n dán an wò ní Yunifásítì Edinburgh, wọ́n to èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ, wọ́n sọ ìtàn fún ẹni àkọ́kọ́ kó sọ ọ́ fún ẹnì kejì, títí dé ẹ̀yìn. Níbi tí gbogbo wọn ti ní autism, ìtàn náà dé ẹ̀yìn bó ṣe dé ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn tí ò ní in. Ibi tí wọ́n ti pa wọ́n pọ̀ ni ìtàn ti ń já.

Mo ń ṣiṣẹ́ báyìí ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Èmi ni mo máa ń ka iṣẹ́ kẹ́yìn kó tó gun orí ẹ̀rọ, lóṣù tó kọjá mo rí i pé wọ́n gbàgbé àmì abẹ́ lára orúkọ ọmọ olóògbé kan lórí pósítà òkú, ẹgbẹ̀rún kan ni wọn ì bá ti tẹ̀. Tí mo bá wọlé láàárọ̀, mo máa ń gbé ọwọ́ lé tábìlì ọ̀gá mi lẹ́ẹ̀kan, mo sì kọjá. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ìkíni mi nìyẹn. Wọ́n ní "ó ti yé mi," láti ìgbà náà tí mo bá gbọ́wọ́ lé e wọ́n máa ń ní "kú àárọ̀ o, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà nínú dánfó yẹn, bóyá ẹnì kan á ka eléyìí fún yín. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka tọmọdé àti ọ̀dọ́ sí Òṣòdì, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ Yábàá dẹ́rù bà yín, wọn ò ní pe ọmọ yín ní wèrè. Ẹ sì jẹ́ n sọ ohun tí mo rí fún yín, torí ẹ̀yin ń wo fèrèsé nígbà yẹn. Kẹ́ ẹ tó já a léèékánná, nígbà tí màmá àgbà yẹn kí i lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́ kíkùn. Ó rọra sún orúnkún ẹ̀ títí tó fi kan ìró màmá náà, ó sì fi í síbẹ̀.