Ẹ̀bà ńlá kọ́ la fi ń gba ẹni tí ebi ti jẹ lára là

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun ní Fádéyì, ni ìyá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọ ará ilé wọn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tó ti ń fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù àti tíì lásán gbé ọ̀pọ̀ ọjọ́, torí ó fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dákú sí balùwẹ̀, ìyá rẹ̀ fẹkún bẹ̀ ẹ́, ọmọ náà sì ti gbà pé òun á máa jẹun. Obìnrin tó ń dirun fún mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí. Ó ní, "Ìyá ìbejì, ẹ sọ fún ìyá ẹ̀ kó ro ẹ̀bà gidi fún un, kó fi ẹran mẹ́ta sí i, kó dúró tì í títí tó máa fi jẹ ẹ́ tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ara ẹ̀ á ti padà." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní bẹ́ẹ̀ ni.

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bà yẹn lè pa ọmọ náà." Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ọdún 2019 ni. Àbúrò mi obìnrin wà nílé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà. Ó kọ́kọ́ ní òun fẹ́ kí aṣọ ẹbí kan gba òun dáadáa ni, ó wá di ààwẹ̀ tí kò lópin, ó di pé bó bá jẹ búrẹ́dì ẹyọ kan, á ní òun ti yó. Nígbà tí a máa fi mú un wálé ní Ìdí-Oro, èjìká ẹ̀ ti yọ bíi hángà lábẹ́ aṣọ. Màmá mi ṣe ohun tí abiyamọ yòówù á ṣe. Wọ́n gún iyán, wọ́n se ẹ̀fọ́ rírò, lọ́jọ́ kejì wọ́n ro àmàlà, wọ́n po malt mọ́ mílíìkì fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ń jẹ ẹ́. A ń dúpẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú. Mo fi àtàńpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀, ojú ibi tí mo tẹ̀ jìn wọnú, kò padà títí mo fi ka ení dé ogún. Láti yàrá dé ilé ìdáná, ó ti ń mí gúlegúle. Àyà ẹ̀ ń lù kìkìkì débi pé a ń rí i lórí aṣọ. Ó wò mí lójú, ó pè mí ní màmá. Ará ilé kan ní àwọn ayé ti gbọ́ pé ọmọ náà ti ń jẹun ni.

Ọsibítù àkọ́kọ́ tí a gbé e dé fa omi oníṣúgà sí i lára, ara ẹ̀ túbọ̀ burú. Ọsibítù kejì ni dókítà kan ti bi wá ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi wá: kí ló ti ń jẹ látìgbà tó ti délé, báwo ló sì ṣe ń jẹun kó tó délé? Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Phosphate inú ẹ̀, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara fi ń ṣiṣẹ́, ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

Bí wọ́n ṣe là á yé wa nìyí. Tí oúnjẹ bá ti pẹ́ kó tó wọlé, ọ̀rá àti ẹran ara ni ara á máa jẹ. Àwọn èròjà bíi phosphate, potassium àti magnesium tó wà nípamọ́ nínú ara á máa tán lọ lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lásìkò yẹn, ó lè dà bíi pé kò sóhun tó dín. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ọjọ́ tí ẹ̀bà ńlá bá dé, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, insulin á jáde láti kó o wọnú ara, bó sì ṣe ń kó ṣúgà wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ń kó ìwọ̀nba phosphate, potassium àti magnesium tó ṣẹ́kù tẹ̀ lé e. Ti inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Bẹ́ẹ̀ wọn ni ọkàn fi ń lù bó ṣe yẹ, wọn ni ẹran ara tó ń bá wa fa èémí fi ń ṣiṣẹ́. Vitamin B1 tí ara fi ń lo ṣúgà náà á gbẹ, orí èèyàn á sì lè dàrú. Insulin yẹn kan náà ló ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú, lẹsẹ̀ bá wú. Àwọn dókítà ń pè é ní refeeding syndrome. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù, ìyẹn ìgbà tí gbogbo ilé ṣì ń jó pé ọmọ ti ń jẹun. Ẹ tún wá wo ohun tí a máa ń sáré gbé síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀: ẹ̀bà, iyán, àmàlà, malt. Gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ara.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ àgọ́ Bergen-Belsen ní Jámánì, wọ́n bá nǹkan bí 60,000 èèyàn tí ebi ti sọ di eegun. Àánú ṣe wọ́n, wọ́n pín oúnjẹ inú agolo tiwọn, ẹran ọlọ́ràá, fún wọn. Àwọn tó kú lẹ́yìn tí ìdáǹdè dé lé ní 13,000. Àìsàn ló pa púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n oúnjẹ àánú yẹn wà lára ohun tó pa àwọn kan.

Tó bá jẹ́ pé ìtàn òyìnbó lẹ pe ìyẹn, ẹ wo ilé wa níbí. Ní àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí àìjẹunrekánú ti bà jẹ́ lára ní apá Maiduguri, wàrà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ F-75, kálórì 75 nínú mílílítà 100. Ó fúyẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un mu, ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru. Ó di ìgbà tí ara tó wú bá ti ń fọn, tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì ti ń béèrè oúnjẹ, kí wọ́n tó gbé e bọ́ sórí F-100 tó lágbára jù ú lọ. Ọmọ tó rù kan eegun nìyẹn, gbogbo ojú ló ń rí i pé ebi ń pa á, síbẹ̀ wọn ò fún un ní èyí tó lágbára lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé oúnjẹ ńlá lójú ẹsẹ̀ ni oògùn, kí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fi wàrà méjì ṣe?

Fún àgbàlagbà náà, ìlànà kan tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2006 sọ pé ẹni tí kò bá fi bẹ́ẹ̀ jẹun fún ohun tó ju ọjọ́ 5 lọ, kí oúnjẹ rẹ̀ má ju ìdajì ohun tí ara rẹ̀ nílò lọ fún ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Ẹni tó ti rù gan-an, tiẹ̀ tún kéré sí i. Kì í sì í ṣe ẹni tó rù nìkan ni. Ẹni tó tóbi tẹ́lẹ̀, tó wá fi ebi fa ara rẹ̀ wálẹ̀ kíákíá, wà nínú ewu kan náà, bí ojú ò tiẹ̀ rí eegun lára rẹ̀.

Ní ọsibítù kejì yẹn, wọ́n kọ́kọ́ fún àbúrò mi ní B1 àti phosphate. Ẹ̀kọ mímu tí wọ́n fi mílíìkì sí ni oúnjẹ ẹ̀, ìdajì ife, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Màmá mi sunkún, wọ́n ní ṣé ọmọ jòjòló ni. Mo mú ife ike kan nílé, mo fi báírò fa ìlà sí i lára. Ìgbàkígbà tí dókítà bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tó ní ó dáa, mo máa ń fa ìlà mìíràn lókè èyí tó wà níbẹ̀. Nígbà tí a dé ìlà kẹta, a fi ẹyin kún un. Ìlà karùn-ún, mọ́ínmọ́ín kékeré kan. Ìrẹsì dé lọ́sẹ̀ kejì. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló jẹ àmàlà, òun fúnra ẹ̀ ló bu òkèlè, ẹnikẹ́ni ò dúró tì í. Ikùn tí kò ti ríṣẹ́ ṣe máa ń lọ́ra, oúnjẹ á jókòó síbẹ̀, inú á kún. Èèyàn tí ẹ̀rù oúnjẹ ti ń bà tẹ́lẹ̀, ẹ bá gbé abọ́ rẹ̀ǹtẹ̀ síwájú ẹ̀, ẹ wá ń wò ó lẹ́nu, ẹ̀rù yẹn lẹ fi kún.

Ẹ má sì ṣì mí gbọ́, díẹ̀díẹ̀ ò túmọ̀ sí díẹ̀ títí ayé. Ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, láàárín 1944 sí 1945, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Ancel Keys fi ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn sórí oúnjẹ tí kò tó fún oṣù mẹ́fà, kó lè mọ bí a ṣe ń gba ẹni tí ebi ti jẹ padà. Àwọn tí wọ́n fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún oúnjẹ wọn lẹ́yìn náà ò gbérí bọ̀rọ̀. Ó rí i pé ó máa ń gba nǹkan bíi kálórì 4,000 lójúmọ́, fún oṣù mélòó kan, kí ara tó kọ́ ohun tí ebi wó. Torí náà ife yẹn gbọ́dọ̀ máa kún sí i.

Wọ́n sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù pé àwọn Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n sì ń jẹ àmàlà lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tó ń jẹ sààrì, tó ń ṣínu nírọ̀lẹ́, ojoojúmọ́ ló ń jẹun. Wọ́n ní ìyá àgbà tọ́ ọmọ mẹ́wàá láìmọ phosphate. Ìyá àgbà rí àwọn tó kú náà, iṣẹ́ àwọn ayé ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run náà, àwọn àgbà ló sọ ọ́.

Mo gbà pé lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ti ń fi oúnjẹ tó ju ti àtẹ̀yìnwá bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, ó sì ń bọ́ sí i. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lójoojúmọ́. Ilé ìdáná wa ò ní ìyẹn.

Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti gba nọ́ńbà ìyá ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá ìbejì. Omi ẹ̀bà ti ń hó lórí iná nígbà tí mo pè. Mo ní kí wọ́n má fi ebi pa á torí ọ̀rọ̀ mi o, kí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀ tí wọ́n fi mílíìkì sí, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Tí wọ́n bá ti débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi sí i lára, kí wọ́n sọ iye oṣù tí kò ti jẹun dáadáa, kí wọ́n má fi pa mọ́ nítorí ìtìjú. Kí wọ́n ní kí dókítà yẹ phosphate, potassium àti magnesium wò, kí wọ́n sì béèrè vitamin B1 ṣáájú omi oníṣúgà.