Ta ló so ewúrẹ́ yìí?

Tísà_Àṣerò: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ kíláàsì mi da ìbéèrè kan bò mí lánàá. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ tetherin. Ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe: okùn ewúrẹ́ ni. Bí HIV bá ti bí sí i tán nínú sẹ́ẹ̀lì, tó fẹ́ jáde lọ mú òmíràn, awọ sẹ́ẹ̀lì yẹn náà ló máa ń fà bora bí aṣọ. Tetherin á ti orí kan bọ awọ sẹ́ẹ̀lì, á ti orí kejì bọ aṣọ fáírọ́ọ̀sì. Ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Àwọn ọmọ wá ní, bí okùn bá wà lára gbogbo wa, kí ló dé tí HIV ṣì ń ràn?

Ẹ̀gbá_Gidi: Ẹ̀wà ni purotéènì. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹyin. Ó tán.

Ọmọ_Pánṣẹ́kẹ́: Mi ò kà á tán, ó gùn jù. Àgbo wo ló ń ṣe é?

Nọ́ọ̀sì_Kútọ̀: Tísà, HIV náà ní purotéènì tirẹ̀, Vpu. Òun ló ń fa tetherin kúrò lójú awọ sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n lè bà á jẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Olè tó mú ọ̀bẹ dání wá ni. Ọmọ_Pánṣẹ́kẹ́, kò sí àgbo kankan. Ẹni tó ń lo oògùn HIV, kó má dá a dúró o.

Ìyá_Láfún_Ìkìjà: "Okùn ewúrẹ́" nìkan ni mo rí kà. Ẹ bá mi bi Ìyá Onílé bóyá òun náà ní okùn nílé. Láfún tí mo sá sórí àpáta láti ọjọ́ Àìkú, ewúrẹ́ dúdú elétí yíya kan ló jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó tún wá ya ìgbẹ́ sí ìyókù!

Ìyá_Onílé_Ìkìjà: Ṣé èmi nìkan ló ní ewúrẹ́ dúdú ní gbogbo Ìkìjà ni? Orí ìso ni tèmi wà látàárọ̀.

Ìyá_Láfún_Ìkìjà: Orí ìso ló ti wá jẹ láfún mi?

Ẹ̀gbá_Gidi: Ẹ̀WÀ NI PUROTÉÈNÌ! Ẹ̀WÀ!

Tísà_Àṣerò: Ẹ̀gbá_Gidi, purotéènì inú ẹ̀wà, ara á kọ́kọ́ tú u sí wẹ́wẹ́ ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà síbi ọ̀rọ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ aṣọ ni okùn yìí ń rí dì mú. Ti rọpárọsẹ̀ kò wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Pánṣẹ́kẹ́: Ìhòòhò ló ń rìn? Àṣejù!

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà: Ẹ tún gbọ́ èyí. Ara ìnàkí ni baba ńlá HIV ti wá. Nígbà tó wà lọ́hùn-ún, purotéènì míì, Nef, ló fi ń já okùn. Ibi tí Nef ń dì mú lára okùn ìnàkí kò sí lára tiwa. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ló sọ Vpu di ọ̀bẹ.

Ìyá_Onílé_Ìkìjà: Ta lò ń pè ní ìnàkí?

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà: Mà, ẹ dákun, kì í ṣe ẹ̀yin mà. Fáírọ́ọ̀sì ni mò ń sọ.

Ìyá_Onílé_Ìkìjà: Ó tún wá pè mí ní fáírọ́ọ̀sì. Ọmọ tí mo lè bí!

Ìyá_Láfún_Ìkìjà: Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Owó láfún mi dà?

Nọ́ọ̀sì_Kútọ̀: Ẹ̀yin màmá, ẹ ṣe sùúrù. Láfún tí ewúrẹ́ ya ìgbẹ́ sí, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni o.

Ìyá_Láfún_Ìkìjà: Nọ́ọ̀sì, ta ló sọ pé mo fẹ́ tà á?

Ẹ̀gbá_Gidi: Ẹ̀wà olóyin gan-an ló dáa jù.

Tísà_Àṣerò: Mo ti rí ohun tí màá sọ fún àwọn ọmọ. Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì.

Alápatà_Láfẹ́nwá: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Èló ni ewúrẹ́ elétí yíya yẹn? Mo lè wá mú un kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá_Láfún_Ìkìjà: Ẹ tètè máa bọ̀. Ó tún ti dé sórí àpáta, ó ń wọ́ okùn nílẹ̀.