Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òpè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwe náà bú, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín, ìmọ̀ràn ni mo máa ń gbọ́ nínú rẹ̀, fún ẹni tí ó bá ń bá ọ̀tá rẹ̀ dúnàádúrà ní ìkọ̀kọ̀ kí ogun abẹ́lé má baà bẹ́.

Ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún 1970, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa, Benin, ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Ìjọba ológun tí Paul-Émile de Souza ṣe olórí rẹ̀ ń ṣètò ìdìbò ààrẹ láti ẹkùn dé ẹkùn, wọ́n sì fagi lé e kí ó tó kan Àtàkórà, níbi tí Hubert Maga, ọ̀kan nínú àwọn olùdíje, ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ni àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní Àríwá bá yarí pé bí kò bá di ààrẹ, àwọn yóò ya kúrò. Sourou-Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́ wa tí òun náà ń díje, fèsì pé bí Maga bá gorí àlééfà, òun yóò kó ẹkùn tòun lọ bá Nàìjíríà. Ẹni tí ó mọ bí Ìdí-Ìrókò ṣe súnmọ́ wa tó, tí ìyá rẹ̀ ń ná ọjà ìhà méjèèjì, mọ̀ pé èyí kì í ṣe àwàdà; bẹ́ẹ̀ sì ni ogun Biafra ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù Kìíní ọdún kan náà.

Wọ́n wá dúnàádúrà títí wọ́n fi fẹnu kò. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, Ìgbìmọ̀ Ààrẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: Maga yóò ṣe olórí fún ọdún méjì, Justin Ahomadégbé, olùdíje mìíràn, yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni yóò kan Apithy. Èmi kò ní bú wọn o. Itọ́ ni ó wà lẹ́nu wọn lákòókò náà, amọ̀ jìnnà, ogun kò sì jà.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé wọ́n kó ẹrù wọlé, wọ́n sì sùn. Wọn kò gbé àdéhùn náà síwájú olùdìbò kí ó lè lẹ́sẹ̀, wọn kò sì rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ àwọn oníbọn tí ó dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ní oṣù Kejì ọdún 1972, ọ̀gá ológun kan, Maurice Kouandété, gbìyànjú láti gbàjọba, kò ṣeé ṣe fún un. Ìkìlọ̀ kí ni ó tún kù? Maga gbé ipò fún Ahomadégbé ní oṣù Karùn-ún láìsí wàhálà, àmọ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, Mathieu Kérékou, ológun mìíràn, lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ọdún 1974 ni ó yẹ kí ó kan Apithy. Kò kàn án mọ́.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fi ìpín ìkẹyìn lọ̀ nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ti oyè ìdílé tàbí ti ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ó béèrè kí ó tó fọwọ́ sí i pé ta ni yóò mú un ṣẹ nígbà tí ọdún mẹ́rin bá pé, àti pé ta ni kò sí nínú yàrá náà. Apithy ti jẹ ààrẹ rí láti 1964 sí 1965, kì í ṣe ọmọdé nínú ìṣèlú. Èmi kò gbà pé kò béèrè.