Ìpolówó Ọjà Ni Àgúnmu Òwò

Àwọn oníṣòwò fẹ́ràn òwe yìí. Wọ́n fi ń gba ara wọn níyànjú pé kí oníkálukú pariwo ọjà rẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí àgúnmu tí àwọn àgbà fi ṣe àfiwé. Ewé, egbò àti èèpo igi tí a sá gbẹ, tí a gún kúnná, ni àgúnmu. Ìwọ̀nba la máa ń bù sínú ẹ̀kọ gbígbóná mu. N kò tíì rí ẹni tó jẹ àgúnmu yó rí. Ara tó wà nílẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́. Ọjà ni ara, ìpolówó ni àgúnmu.

Ẹ gbọ́ ìyá alágbàdo: "Láńgbé jinná o!" Ohun kan ṣoṣo ló ṣèlérí, pé àgbàdo òun jinná. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ṣí èèpo rẹ̀, yóò fi èékánná tẹ ọmọ àgbàdo wò. Bí kò bá jinná, igbe ọ̀la kò ní tà ládùúgbò yẹn mọ́. Mo fẹ́ràn irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ púpọ̀, nítorí lójú ẹsẹ̀ la ti ń dán an wò.

Ti òde òní lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń wọ ahọ́n wa láìjẹ́ pé a fura. Rán ọmọ pé kó lọ ra Omo wá, ó lè mú ọṣẹ ìfọṣọ ilé-iṣẹ́ mìíràn bọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a wí. Maggi náà ti di orúkọ gbogbo ohun tí a ń fọ́ sọ́bẹ̀. Nítorí agbára yìí ni ìjọba ṣe yan olùṣọ́ tì í: ní Nàìjíríà, òfin kẹ 55 ti ọdún 1988 dá APCON, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìpolówó, sílẹ̀, òfin ọdún 2022 sì fi ìgbìmọ̀ tuntun, ARCON, rọ́pò rẹ̀. Ìpolówó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyẹ̀wò kí aráàlú tó rí i. Bó bá jẹ́ ti oúnjẹ tàbí oògùn, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí èmi àti ìwọ ń kọ sí oníbàárà láti orí tábìlì wa ńkọ́? Ta ló ń yẹ ìyẹn wò? Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń ká mi lára, nítorí ohùn ìpolówó ti wọ inú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa. "Kò séwu," "ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí," "ó ti wà lójú ọ̀nà."

Mo ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, l'Ékòó. Ìyá kan tó ní iléèwé san owó ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn ọmọ yóò lò bí wọ́n bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà bàjẹ́. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ sí wọn pé ẹrù ti wà lójú ọ̀nà. Mo kọ ọ́. Bébà wà nílẹ̀ lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, a kò tíì gé ẹyọ kan. Màmá náà ní kí ọkọ̀ dúró de ẹrù, wọ́n san owó ọkọ̀ lásán, ẹrù kò dé. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo kọ ọ́?" Títí dòní, ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò létí mi.

A máa ń ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọ̀rọ̀ dídùn ni òwe yẹn ń wí. Rere ló wí. Ọ̀rọ̀ tí màmá yẹn ì bá fi wá ọ̀nà mìíràn ni rere, bó tilẹ̀ korò: "Ẹ̀rọ wa bàjẹ́ lánàá. Ìdajì ni yóò ṣe é ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má gba ọkọ̀ o, ẹ dákun." Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ dá lójú, ẹ sọ ohun tí ẹni náà lè ṣe. Kí ẹ sì tètè sọ ọ́, nítorí ìròyìn tó pẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn rí àyè múra.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iná mọ̀nàmọ́ná ṣe wá bí ọṣẹ ṣe ń ṣe ojú, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì há sí wa lọ́wọ́. Mo bẹ ọ̀gá, mo kọ òtítọ́ ránṣẹ́, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Kò pé wákàtí kan tí oníbàárà náà fi pè: "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi. Mélòó ló ti ṣe tán níbẹ̀? Mò ń bọ̀ wá kó o."