Irọ́ ni pé ẹ̀rọ afọwọ́yí ò lè lọ kọfí espresso

Ẹ bi àwọn tó ń po espresso nílé, ìyẹn kọfí kíki tí wọ́n ń fi agbára ti omi gbígbóná gbà jáde, pé irú ẹ̀rọ wo ló yẹ kéèyàn fi lọ kóró kọfí. Ọ̀pọ̀ wọn á ní àfi oníná, pé kọfí tí wọ́n ń sẹ́ lásán ni èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí wà fún, kò lè lọ ọ́ kúnná débi tí espresso fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí àwọn kan ná owó tí wọn ò ní, ó sì ti lé àwọn mìíràn padà sídìí kọfí lílọ̀ inú páálí. Ó ń dùn mí.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ò ní orísun. Àwọn ẹ̀rọ afọwọ́yí àtijọ́, àwọn onípákó tó ní dúrọ́ọ̀ nísàlẹ̀, ọ̀pá àárín wọn kì í dúró ṣinṣin. Bí ẹ bá ti ń yí i, ọ̀pá á máa mì, eyín tó ń lọ kọfí á sún mọ́ra níhìn-ín, á jìnnà síra lọ́hùn-ún. Ohun tó ń jáde á wá jẹ́ àdàlù ẹ̀lúbọ́ àti ègé. Espresso ò gba irú ìyẹn rárá, torí pé agbára bíi bar 9 (bíi ìlọ́po mẹ́sàn-án agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá) ni ẹ̀rọ fi ń ti omi gba inú kọfí, ibi tí omi bá sì ti rí àlàfo ló máa gbà.

Àwọn ti òde òní yàtọ̀. Eyín irin oní-mìlímítà 48 ló wà nínú Kingrinder K6 àti 1Zpresso JX-Pro, bearing, òrùka irin tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá mì bó ṣe ń yí, sì di ọ̀pá wọn mú gírígírí. Owó tí ìbá lọ sórí mọ́tò, orí eyín àti ọ̀pá ló lọ. Ìdí nìyẹn tí K6 fi ń lọ ní nǹkan bí 100 dọ́là, nígbà tí oníná tó tọ́ sí espresso, irú Baratza Encore ESP, ń gbà tó 200.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó ni bí “kẹ́” rẹ̀ ṣe kéré tó. Bí ẹ bá yí òrùka tó ń sún eyín mọ́ra, ẹ máa gbọ́ ọ: kẹ́, kẹ́. Lórí K6, micron 16 ni kẹ́ kan ń sún eyín (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mìlímítà kan). Lórí JX-Pro, 12.5. Ìyá tó ń lọ ata ládùúgbò mọ̀ ọ́n: bó bá fẹ́ lọ ẹ̀wà mọ́ín-mọ́ín, díẹ̀díẹ̀ ló ń fún ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀.

Ẹ wò ó nídìí ife. Ẹ wọn kọfí gíráàmù 18, ẹ sì fẹ́ kí gíráàmù 36 kán sínú ife láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Bí kẹ́ ẹ̀rọ yín bá tóbi jù, gbogbo rẹ̀ lè rọ́ jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á kan. Ẹ fún un ní kẹ́ kan ṣoṣo sí i, ó di pé ó ń kán tó… tó…, dúdú, kíkorò. Àárín kẹ́ méjèèjì ni adùn wà, ẹ ò sì lè débẹ̀. Oníná tí ìpele rẹ̀ bá tóbi ní àléébù yìí kan náà. Ti oní-abẹ tó rí bíi blẹ́ńdà, ẹ má tiẹ̀ yà á wò.

Ó ní ìyọnu tirẹ̀ lóòótọ́. Kóró tí wọn ò yan dúdú máa ń le, apá á sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ń po fún èèyàn márùn-ún láràárọ̀, tàbí ọrùn ọwọ́ ń dùn yín, ẹ ra oníná. Encore ESP ní ìpele 40, 20 àkọ́kọ́ ló wà fún espresso. Ṣùgbọ́n fún ife kan tàbí méjì, kò ju kéèyàn yí i fún ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Nílé tí iná ò dúró, afọwọ́yí pẹ̀lú Flair, ẹ̀rọ espresso tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀, á fún yín ní espresso bí gáàsì bá ṣáà ti wà láti fi se omi.

Owó tó ṣẹ́kù, ẹ fi ra kóró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan àti ìwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù. Láìsí ìwọ̀n, ẹ ò ní mọ̀ bóyá kẹ́ tí ẹ sún ló yí adùn padà, àbí kọfí ló pọ̀ jù.