Ìró ni yóò ta ọṣẹ yìí ni, àbí ìtumọ̀?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìdúmọ̀tà: Ọṣẹ dúdú ni mò ń tà. Mò ń ṣù ú róbótó, mo sì ń fi ọ̀rá wé e. Mo fẹ́ tẹ orúkọ sára ọ̀rá náà. Ọkọ mi ní kí n pè é ní "Ìwẹ̀nùmọ́" nítorí ìtumọ̀ rẹ̀, àbúrò mi sì ní "Jọ̀lọ̀" nítorí ìró rẹ̀. Èwo ni kí n mú?

Alàgbà Ṣùúrùlérè: Ẹ mú ti ọkọ yín. Ferdinand de Saussure, onímọ̀ èdè tí wọ́n tẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde ní 1916 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ́ wa pé kò sí okùn kankan tó so ìró ọ̀rọ̀ mọ́ ohun tó ń tọ́ka sí. Ajá ni àwa ń pè é, Haúsá ń pè é ní kare, Ìgbò ń pè é ní nkịta, ẹranko kan náà sì ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọka: Bàbá, ẹ má bínú, n kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní 1929, Wolfgang Köhler, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá láti Jámánì, ya àwòrán méjì, ọ̀kan rí kọrọbọtọ, èkejì ní igun ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó sì bi àwọn ènìyàn èwo ni "takete", èwo ni "baluba". Ọ̀pọ̀ jù lọ fi takete fún onígun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì kò nítumọ̀ kankan. Ìyá náà pàápàá ti jẹ́rìí sí i: wọ́n ní àwọn ń ṣù ú "róbótó". Ká ní ọṣẹ náà tóbi ni, "ròbòtò" ni wọn ì bá kọ. Ohùn òkè fún kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ fún ńlá. Ta ló kọ́ wa?

Oníṣòwò Tejúoṣó: Ohun tó mọ́ ènìyàn lára ló ń ta ọjà. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, oníbàárà á ní kí n fún òun ní Omo, á sì na ìka sí ọṣẹ ìfọṣọ ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Alàgbà Ṣùúrùlérè: Mo gba ti róbótó, ọmọ mi, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó ajá àti ilé àti omi. Jọ̀lọ̀ fúnra rẹ̀ nítumọ̀. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìró ló ń ṣiṣẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọka: Ìbéèrè gidi nìyẹn, Bàbá. Nínú Jọ̀lọ̀, a kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ọṣẹ.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìdúmọ̀tà: Mo pe orúkọ méjèèjì fún oníbàárà kan láàárọ̀ yìí. Ó mi orí sí Ìwẹ̀nùmọ́. Nígbà tí mo pe Jọ̀lọ̀, ó ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra apá ara rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọ̀rá ni màá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí.